Ẹni Tí Ó Ti Kó Èésú

Nígbà wo ni ó yẹ kí ẹni tí ń gbà di ẹni tí ń fúnni? Ọ̀pọ̀lọpọ̀ a máa dáhùn pé, nígbà tí wọ́n bá di olówó. Àwa kò rò bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí ń dá èésú, bí a ti ń ṣe ní ọjà Igbónà ní Òṣogbo àti ní ọjà gbogbo. Bí ènìyàn 12 bá ń dá 5,000 náírà lóṣooṣù, ẹni kan nínú wọn a kó 60,000 náírà. Nínú ohun tí ẹni àkọ́kọ́ kó, 55,000 jẹ́ ti ẹlòmíràn. Kì í ṣe ọrọ̀ ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí kò ṣe ìgbẹ́kẹ̀lé ènìyàn 11. Bí ó bá dẹ́kun dídá, kì í ṣe owó nìkan ni ó bàjẹ́. Ẹni tí ó kù lẹ́yìn kì yóò rí owó rẹ̀ kó pé.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ayé rí. Kò sí ẹni tí kò kọ́kọ́ kó. Ọmú ìyá, orúkọ, èdè tí a ń sọ: gbogbo rẹ̀ ni a ti gbà kí a tó dá kọ́bọ̀ kan. Gbígbà kì í ṣe ìtìjú. Ìtìjú ni kí a kó tán, kí a sì máa ṣe bí ẹni pé àwa nìkan ni a dá a.

Àwọn Ìjẹ̀ṣà ni a ń pè ní Òṣómàáló, nítorí pé àwọn oníṣòwò wọn a máa lóṣòó ti ẹni tí ó ra aṣọ láwìn títí yóò fi sanwó. Síbẹ̀ ìlú tí ó mọ gbèsè í gbà mọ ọrẹ í ṣe pẹ̀lú. Ní 1934, Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà dá Ilesa Grammar School sílẹ̀. Ní 1950, Osogbo Progressive Union dá Osogbo Grammar School sílẹ̀. Àwọn tí ó ṣe làálàá náà kò jókòó sí kíláàsì wọ̀nyí rí. Ohun tí wọn kò rí gbà ni wọ́n fi fúnni. Àwọn tí ó kàwé níbẹ̀ kò sì lè san oore náà fún ẹni tí ó ti sùn. Síwájú ni irú oore bẹ́ẹ̀ ń lọ.

Ẹlòmíràn lè wí pé òun kò ní. A kò fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí ìṣẹ́ kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó nìkan ni a ti gbà. Télọ̀ lè kọ́ ọmọ aláìní kan níṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó mọ̀wé lè ka lẹ́tà fún arúgbó àdúgbò. Ìyá tí aládùúgbò bá tọ́jú ọmọ lè bá ìyá mìíràn gbé tirẹ̀. Kí a má sì ka oore náà sí wọn létí, nítorí oore tí a ń kà síni létí ti di gbèsè.

Àwọn àgbà ní, àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Kí oṣù yìí tó parí, kí olúkúlùkù wa bi ara rẹ̀ léèrè: kí ni mo ti kó, ta ni ó sì kù tí kò tí ì kó?