Ègbè: Ta Ló Ni Orin Tí Ẹnu Kejì Kọ?

Nínú àwọn ìbéèrè tí ó ta kókó nípa orin, ọ̀kan wà tí ó jọ ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré lójú ẹni tí kò bá fara balẹ̀ wò ó: bí ẹnu kan bá dá orin sílẹ̀, tí ẹnu mìíràn sì tún un kọ, ṣé orin kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀ ni, àbí méjì? Ìbéèrè yìí kan ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, nítorí pé ó ń wádìí ohun tí ó ń mú kí nǹkan ṣì jẹ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti yí padà. Ó sì kan ẹ̀sìn, nítorí pé púpọ̀ nínú orin ilẹ̀ Yorùbá ni ó jẹ́ àdúrà, ẹni tí ó bá sì ń gba àdúrà tí ẹlòmíràn ti kọ́kọ́ gbà yóò fẹ́ mọ̀ bóyá tirẹ̀ náà yóò dé ibi tí ti ẹni àkọ́kọ́ dé. Ní ìlú bí Ìlémọ̀nà, tí ó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yún, tí kò sì jìnnà sí Ọ̀fà ní ìpínlẹ̀ Kwara, ọ̀rọ̀ náà kò mọ sínú ìwé, nítorí pé orin Mùsùlùmí, orin Kírísítẹ́nì àti orin ìlù ìbílẹ̀ ń gba inú afẹ́fẹ́ kan náà kọjá, wọ́n sì ń yá ara wọn ní ohùn.

Kí ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀, ó yẹ kí a to àwọn ọ̀rọ̀ tí yóò máa wáyé. Àtúnkọ ni orin tí ènìyàn gbà lẹ́nu ẹni tí ó dá a, tí ó sì fi ohùn ara rẹ̀ kọ, yálà ó yí nǹkan padà nínú rẹ̀ tàbí kò yí i. Ojú agbo ni ibi tí òṣèré, onílù àti òǹwòran ti ń pàdé, tí ẹnu tí ń kọrin àti etí tí ń gbọ́ ọ ti ń rí ara wọn, èyí tí ó yàtọ̀ sí orin inú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, kásẹ́ẹ̀tì tàbí fóònù. Lílé ni iṣẹ́ ẹni tí ó ṣíwájú orin. Ègbè ni ohun tí àwọn tí ó yí i ká fi ń dá a lóhùn, àwọn tí ń gbè é ni a sì ń pè ní elégbè.

Nínú ọ̀rọ̀ méjì tí ó kẹ́yìn wọ̀nyí ni ojú ọ̀nà sí ìdáhùn wà. Ẹni tí ó bá wo bí orin Yorùbá ṣe ń rìn dáadáa yóò rí i pé kò sí ìgbà kan tí ó jẹ́ ti ẹnu kan ṣoṣo, nítorí pé bí ẹni tí ń lé e bá ti gbé e sílẹ̀ ni àwọn elégbè ń gbé e, tí wọ́n ń fi ohùn tiwọn kọ ohun tí ohùn rẹ̀ ti kọ. Nípa bẹ́ẹ̀, ègbè ni àtúnkọ àkọ́kọ́, inú orin fúnra rẹ̀ ni ó sì ń gbé. Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ ègbè kò jọ ti àtúnkọ, nítorí pé ojú ẹni tí ó ni orin ni elégbè ti ń gbè é, nígbà tí ẹni tí ó tún orin kọ ní ìlú òkèèrè lè má mọ ojú ẹni tí ó dá a rí. Òótọ́ ni èyí, ṣùgbọ́n ó ti fi hàn pé títún orin kọ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àti pé ohun tí ó yẹ kí a wádìí ni àjọṣe tí ó wà láàrin ẹnu kejì àti ẹnu kìíní. Àwọn òṣèré ìbílẹ̀ ní orúkọ fún àjọṣe yìí: ìbà ni wọ́n ń pè é, èyíinì ni ìkíni tí òṣèré fi ń ṣíde, tí ó fi ń jẹ́wọ́ pé àwọn kan ti wà ṣáájú òun. Òwe sọ pé bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu fún un. Ìyẹn ni pé ìbà ni ó ń sọ ohun tí à bá pè ní ìjagbà di ohun tí a yọ̀ǹda.

Bí ó ti wù kí ìbà pọ̀ tó, àtúnkọ lè ba orin jẹ́, orin ìsìn ìjọ Kírísítẹ́nì sì ni àpẹẹrẹ tí ó hàn jùlọ. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì túmọ̀ orin ìsìn Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, wọ́n fi ohùn orin sílẹ̀ bí ó ṣe wà, wọ́n sì to ọ̀rọ̀ Yorùbá lé e lórí, láìka ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ tí èdè yìí fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ sí. Níbi tí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ti jẹ́ nǹkan mẹ́ta, orin tí ó bá ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti dúró ní ohùn àárín lè fi ọkọ́ sọ́wọ́ ìyàwó níbi tí a ti fẹ́ fi ọkọ fún un. T. K. E. Phillips, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ ọ̀gàn ní ilé ìjọsìn àgbà Christ Church ní ìlú Èkó, jíròrò nípa orin Yorùbá àti ohùn rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ tí ó pè ní *Yoruba Music*, tí ó jáde ní ọdún 1953. Ṣáájú rẹ̀ sì ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti ń dá orin ìsìn tí ohùn rẹ̀ tẹ̀lé ti ọ̀rọ̀, tí wọ́n sì gba díẹ̀ nínú wọn sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé àtúnkọ tí ó pa ohùn mọ́ lè sọ ọ̀rọ̀ nù, nígbà tí orin tuntun pátápátá lè jẹ́ olóòótọ́ sí àdúrà tí ó ń gbé.

Lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí, ohun tí ó yí padà ni ète. Wéré ni orin tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí àwọn aláàwẹ̀ kí wọ́n lè jẹ sààrì lóṣù Ràmàdáànì; láti inú rẹ̀ ni Síkírù Àyìndé Barrister, tí ó kú ní ọdún 2010, ti yọ fújì, tí ó di orin òde ìnáwó. Ohùn kan náà tí ó ń pe ènìyàn dìde fún ààwẹ̀ wá ń pe ènìyàn dìde fún ijó, àwọn kan sì ń bi ara wọn bóyá ó tọ́. Al-Ghazālī, onímọ̀ ẹ̀sìn tí ó gbé ayé láti ọdún 1058 sí 1111, ti yẹ irú ọ̀rọ̀ yìí wò nínú ìwé ńlá rẹ̀, *Iḥyāʾ*, níbi tí ó ti sọ̀rọ̀ lórí samāʿ, èyíinì ni fífi etí sí orin: lójú rẹ̀, ohun tí orin rú sókè nínú ọkàn ẹni tí ń gbọ́ ọ wà lára ohun tí a fi ń ṣe ìdájọ́ rẹ̀. Ó tún mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ Junayd, ọ̀kan nínú àwọn àgbà Súfí ní Bàgídáàdì, pé samāʿ ń fẹ́ nǹkan mẹ́ta: àkókò, ibi, àti àwọn tí ó wà níbẹ̀. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, a kò lè fi ohùn nìkan ṣe ìdájọ́ wéré tàbí fújì.

Òkè òkun ni a ti rí àtúnkọ tí ó ní ìbà àti èyí tí kò ní. Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry, gbé àwo *Drums of Passion* jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1960. Ẹgbẹ́ Santana tún ọ̀kan nínú orin inú rẹ̀, *Jin-go-lo-ba*, kọ ní ọdún 1969, wọ́n fi gìtá àti ọ̀gàn kún un, ó sì dé etí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò gbọ́ orúkọ Ọlátúnjí rí. Ṣùgbọ́n ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 1964, Serge Gainsbourg, olórin ilẹ̀ Faransé, ti mú ohùn àti ìlù inú àwo kan náà, ó fi ọ̀rọ̀ Faransé sí i, kò sì dárúkọ ẹni tí ó ni ín. Ohun tí kò sí nínú àwo Gainsbourg kì í ṣe ọgbọ́n, kì í sì í ṣe adùn, ìbà ni. Ní ọdún 2018, Angélique Kidjo, ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, gba ọ̀nà òdìkejì: ó tún gbogbo àwo *Remain in Light* kọ, èyí tí ẹgbẹ́ Talking Heads ti Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1980 lábẹ́ ipa orin Fẹlá, olórin ilẹ̀ Nàìjíríà, ó sì pe Tony Allen, onílù Fẹlá tẹ́lẹ̀, sí i. Gbèsè tí orin náà jẹ ilẹ̀ Áfíríkà di ohun tí gbogbo ènìyàn lè fi etí gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Kúbà tún jinlẹ̀ ju èyí lọ. Àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ gbé orin òrìṣà àti ìlù bàtá dání, àwọn ọmọ wọn sì ń kọ ọ́ títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè náà kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń ra ẹja lọ́jà mọ́, tí ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ kan sì ti ṣókùnkùn. Àyàn, òrìṣà ìlù, ni wọ́n ń pè ní Añá, wọ́n sì ń fi ìyàtọ̀ sáàárín bàtá tí wọ́n ti bọ Añá sínú rẹ̀ àti èyí tí kò ní i, bí ìró méjèèjì tilẹ̀ jọra. Ìyàtọ̀ yìí ń kọ́ni pé jíjọra ní etí kò sọ nǹkan méjì di ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni àìjọra kò fi dandan sọ ọ̀kan di méjì. Ohun tí ó sì yẹ fún àkíyèsí ni pé lẹ́yìn tí apá kan nínú èdè ti lọ, ìlànà lílé àti gbígbè kò lọ: ẹnìkan ṣì ń lé, ìjọ ṣì ń gbè.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìrántí. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní àríwá Áfíríkà, fi orin ṣàlàyé àkókò nínú ìwé *Confessions* rẹ̀: kí ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ orin tí ó mọ̀, gbogbo rẹ̀ wà ní ìrètí, bí ó ti ń kọ ọ́ ni ìrètí ń dín kù tí ìrántí ń gbòòrò, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi di ìrántí. Ní ojú agbo dàdàkúàdà, orin ìlú Ìlọrin tí Ọdọ́láyé Àrẹ̀mú di gbajúmọ̀ nínú rẹ̀, ìrètí yìí kì í dúró ṣinṣin, nítorí pé bí àlejò pàtàkì bá wọlé, òṣèré lè dá orin dúró, kí ó ju oríkì onítọ̀hún sínú rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ sì gba ibi tí ẹnikẹ́ni kò retí. Orin alẹ́ ọjọ́ náà kò ní tún wáyé mọ́, kódà lẹ́nu ẹni tí ó kọ ọ́. Rẹ́kọ́ọ̀dù lè gbé ohùn pamọ́, kí ó tilẹ̀ gbé oríkì náà pamọ́ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n àkókò, ibi àti àwọn tí ó wà níbẹ̀, àwọn nǹkan mẹ́ta tí Junayd kà, etí àti ojú àwọn tí ó dé ojú agbo nìkan ni ó kó wọn lọ sílé.

Nítorí náà, nígbà tí àgbàlagbà kan ní Ìlémọ̀nà bá gbé orin tí ó fẹ́ràn jù síwájú ọmọ ọmọ rẹ̀, tí ó sì ń ròyìn ẹni tí ó kọ ọ́, ìnáwó tí wọ́n ti kọ ọ́ àti àwọn tí ó jó sí i, ìtàn náà kì í ṣe àlàyé tí a lè yọ kúrò. Ó ń fi ohun tí àwo kò lè gbé kún un, ó sì ń júbà lórúkọ ẹni tí kò sí níbẹ̀. Bí ọmọ náà bá wá fi ìlù ìgbà tirẹ̀ tún un kọ, tí ó rántí ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò jí orin gbé, bẹ́ẹ̀ ni kò dá òmíràn sílẹ̀. Ó bọ́ sí ipò elégbè ni, pẹ̀lú ogójì tàbí àádọ́ta ọdún láàrin lílé àti ègbè. Orin kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀, kò sì tíì parí. Ohun tí ó lè pa á ni kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lé e, kí ó dákẹ́ díẹ̀ níbi tí ègbè yẹ kí ó ti wọlé, kí ó má sì gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni.