Òtítọ́ àti Iyì nínú Ìtàn Ẹgbẹ́

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó ń ṣe ẹgbẹ́ bi ara rẹ̀: ta ni ó yẹ kí a fi ìtàn ẹgbẹ́ lé lọ́wọ́, kí sì ni a lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí a kò san kọ́bọ̀ fún un? Ẹni tí a ń sanwó fún, a lè bá a wí, a sì lè lé e lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yọ̀ǹda ara rẹ̀, tí ó fi oorun alẹ́ sílẹ̀ láti máa tú ìwé àtijọ́ tí eruku ti bò, ọpẹ́ nìkan ni ó dàbí ẹni pé ẹnu wa gbà láti sọ fún un. Níbẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn náà ti le.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù December, ọdún 1941, ọjọ́ mẹ́fà kí àwọn ará Japan tó kọlu Pearl Harbor, ni a dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí a ń pè ní Civil Air Patrol. Kì í ṣe ọmọ ogun ni wọ́n. Ará ìlú ni wọ́n, olúkúlùkù pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀, tí wọ́n mọ ọkọ̀ òfurufú í wà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni iṣẹ́ ogun kò gbà nítorí ọjọ́ orí tàbí àìlera. Ní ọdún 1942, nígbà tí àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í rì àwọn ọkọ̀ epo ní etí òkun Amẹ́ríkà, tí àwọn ọmọ ogun kò sì ní ohun èlò tí ó tó láti lé wọn, àwọn wọ̀nyí gbé ọkọ̀ òfurufú kéékèèké ti ara wọn, èyí tí púpọ̀ nínú wọn kò ní ju ẹ̀rọ kan ṣoṣo lọ, wọ́n sì ń fò lórí agbami. Láti oṣù March ọdún náà títí di òpin oṣù August 1943, a ṣírò rẹ̀ pé ìgbà 86,685 ni wọ́n gbéra, tí wọ́n sì fò tó máìlì mílíọ̀nù 24. Ọkọ̀ òfurufú 90 bá iṣẹ́ náà lọ. Ènìyàn 26 kú.

Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, ohun kan ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fẹ́ràn jù láti máa sọ: pé àwọn rì ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì méjì. Ọ̀kan nínú wọn ni ti oṣù July 1942, nígbà tí ọkùnrin méjì gbéra láti Atlantic City, tí wọ́n lépa ọkọ̀ kan, tí wọ́n ju àdó olóró lù ú, tí wọ́n sì ròyìn pé àwọn rí epo tí ó ń ru sí ojú omi. Ìtàn náà dùn. A kọ ọ́ sínú ìwé, a sì fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́, títí ó fi dàbí ẹni pé òun gan-an ni ìpìlẹ̀ ilé. Ṣùgbọ́n àwọn ará Jámánì náà ní ìwé tiwọn, nínú èyí tí wọ́n kọ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó jáde sí, àti èyí tí kò padà wá. Lẹ́yìn ogun, ìwé wọ̀nyí bọ́ sí ọwọ́ àwọn aṣẹ́gun. Nígbà tí akọ̀tàn àgbà ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀, ẹni tí òun pẹ̀lú yọ̀ǹda ara rẹ̀, wá fi ìwé ti ibí wé ìwé ti ọ̀hún, kò rí ọkọ̀ kan tí ó sọnù níbẹ̀ ní ọjọ́ wọnnì. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2017.

Àwọn àgbà a máa wí pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Èyí lọ fún àádọ́rin ọdún ó lé. Kì í sì í ṣe irọ́ ní ti ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́, nítorí ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ó sọ. Ohun tí ó yẹ kí ó yà wá lẹ́nu ni pé ọmọ ilé ni òtítọ́ náà rán níṣẹ́.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, Àǹfààní kí ni ó wà nínú rẹ̀? Àwọn wọ̀nyí kò gba owó iṣẹ́ ogun. Iyì nìkan ni owó ọ̀yà wọn. Ìwọ sì tún wá gba iyì náà lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn ikú. Èmi kò fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yìí sẹ́yìn. Ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀: nígbà tí Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Amẹ́ríkà fi àmì ẹ̀yẹ wúrà dá ẹgbẹ́ náà lọ́lá ní ọdún 2014, àwọn 26 náà ti wà nísàlẹ̀ láti àádọ́rin ọdún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tí ó bá wí pé láìsí ọkọ̀ méjì wọnnì iṣẹ́ wọn kò níyì, òun gan-an ni ó ń tàbùkù sí òkú. Nínú àkọsílẹ̀ kan náà ni a ti rí i pé wọ́n ròyìn ọkọ̀ 91 tí ó wà nínú ewu, àti ènìyàn 363 tí ó ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ lójú omi. Èwo ni ó tóbi jù, láti rì ọkọ̀ ọ̀tá kan, tàbí láti tọ́ka ibi tí ẹni tí ó ń rì wà? Ìtàn dídùn ti bo ìtàn rere mọ́lẹ̀.

Nísinsìnyí, ti yíyan òṣìṣẹ́. Civil Air Patrol ní ipò akọ̀tàn láti ẹ̀ka kékeré dé olú ilé ẹgbẹ́, ó sì là á sílẹ̀ fún wọn bí wọn yóò ti máa kọ́ iṣẹ́ náà ní ìpele mẹ́ta. Ètò rere ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti jókòó nínú ìpàdé ẹgbẹ́ rí, níbikíbi tí ó wù kí ó jẹ́, mọ bí a ti ń yan akọ̀tàn: a ó kọ́kọ́ yan alága, a ó yan akápò, a ó yan ẹni tí yóò máa bójú tó àsè, nígbà tí ó bá ku ẹnìkan tí kò rí nǹkan gbà, a ó wí pé, Bàbá, ẹ bá wa mú ìwé ìtàn. Bàbá yóò kó ìwé lọ sílé. Bí ó bá kú, àwọn ọmọ yóò palẹ̀ yàrá mọ́.

Àwa pẹ̀lú mọ ewu yìí. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní ọdún 1897, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀, tí ó ń ṣe mọ́ iṣẹ́ ìjọ rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. A fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù níbẹ̀. Johnson kú ní ọdún 1901. Bí kò bá ṣe ti àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tí ó jókòó ti àjákù àkọsílẹ̀ tí ó kù, tí ó sì tún un tò, ìwé tí ó jáde ní ọdún 1921 ì bá má sí. Òun náà kò sì rí i kí ó tó kú. Ẹni kejì ni ó gba ìtàn wa là.

Nítorí náà, nígbà tí ẹgbẹ́ kan bá wí pé òun fẹ́ mú iṣẹ́ ìtàn òun gbòòrò, èmi kò ní kọ́kọ́ bèèrè iye ènìyàn tí wọ́n fẹ́ yàn. Ọgọ́rùn-ún ènìyàn lè máa da ìtàn kan náà kọ láti ọwọ́ ara wọn, kí àṣìṣe kan di ọgọ́rùn-ún. Èmi yóò bèèrè bóyá ẹni kejì wà tí ó mọ ibi tí àpótí ìwé wà. Èmi yóò sì bèèrè bóyá ẹnìkan wà láàrin wọn tí ó lè dúró níwájú alága kí ó wí pé, Ẹ jọ̀wọ́ sà, ohun tí ẹ sọ lánàá kò rí bẹ́ẹ̀, kí ó sì tún padà wá sí ìpàdé ní ọ̀sẹ̀ kejì láìsí ẹni tí yóò yí ojú kúrò lára rẹ̀. Ìkejì yìí ṣòro ju ti ìṣáájú lọ, nítorí kò sí ní ọwọ́ akọ̀tàn nìkan. Ọwọ́ àwa tí a jókòó ni ó wà.

Bí a bá sì bi mí bí ó ti yẹ kí a kọ ti àwọn ọkùnrin méjì ti Atlantic City wọnnì, èmi yóò ní kí a kọ ọ́ báyìí: pé wọ́n jáde ní oṣù July 1942, pé wọ́n ju àdó wọn, pé wọ́n ròyìn epo lójú omi, àti pé nínú ìwé àwọn ọ̀tá, kò sí ọkọ̀ tí ó bà jẹ́ dé ikú níbẹ̀ ní ọjọ́ náà. Kí a kọ méjèèjì sí ojú ìwé kan náà, kí ọmọ wọn kà á.