Ta Ni Ó Ni Ìjókòó?

Láàrin àwa Yorùbá, ìjókòó kì í ṣe ibi tí a ń gbé ìdí lé lásán. Ẹni tí ó bá wọ ààfin nígbà tí àwọn ìjòyè pé jọ kò níí béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó mọ ẹni tí ó ga ju ẹnìkejì lọ. Bí wọ́n ti jókòó ti sọ fún un. Ọmọ tí a kọ́ tí ó gbẹ̀kọ́ kò níí wà lórí àga kí bàbá rẹ̀ wà ní ìdúró. Bí àlejò àgbà bá wọlé, ọmọdé ni yóò dìde, a kò sì ní í ka ìdìde náà sí oore. Ojúṣe ni.

Ọkọ̀ òfurufú kò mọ èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí. Nọ́ńbà ni ó mọ̀. Ẹni tí àwọn onílù ń kì nílé lè bá ara rẹ̀ ní àárín ènìyàn méjì, kí ọmọ ọdún 18 sì fara ti fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. N kò sọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n wà níwájú, tí àga wọn ń di bẹ́ẹ̀dì. Àwa tí a wà lẹ́yìn ni mò ń bá wí, àwa tí owó wa kò ju ti ẹ̀yìn lọ.

Ẹ wo bí ibẹ̀ ti rí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Boeing 777, ìjókòó 10 ni ó wà ní ìlà kan: 4 kan ọ̀nà tí a ń gbà kọjá, 2 kan fèrèsé, 4 há sí àárín. Láti ẹ̀yìn àga kan dé ẹ̀yìn èyí tí ó tẹ̀ lé e kì í sábà ju íǹṣì 31 tàbí 32 lọ. Láti Èkó dé London, irú ìhámọ́ bẹ́ẹ̀ lé ní wákàtí 6. Láti Èkó dé Atlanta, ó tó wákàtí 12. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbádùn nìkan. Ní ọdún 2007, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé àbájáde ìwádìí kan jáde tí ó fi hàn pé ewu kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan máa ń tó ìlọ́po méjì fún ẹni tí ó bá fi wákàtí 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jókòó sójú kan nínú ìrìn-àjò. Ewu náà kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rọrùn fún láti dìde rìn kò jọ ẹni tí ó ní láti jí ènìyàn méjì lójú oorun kí ó tó lè na ẹsẹ̀.

Nítorí náà, n kò bá ẹnikẹ́ni wí pé ó wá ìjókòó tí ó sàn. Ẹni tí ó tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì tí ó sì yan àga, ẹni tí ó sanwó lé owó, ẹni tí ó dúró di ìgbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ kí ó tó bọ́ sí ìlà tí ó ṣófo, gbogbo wọn lo ọgbọ́n, wọn kò gba ti ẹnikẹ́ni. Ìlà ẹnu ọ̀nà pàjáwìrì nìkan ni mo yọ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ń ráàyè níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni wọ́n fi ìjókòó ibẹ̀ ṣe: ẹni tí ó bá jókòó síbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè ṣí ilẹ̀kùn bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Arúgbó tí ó bá fi ẹ̀bẹ̀ gbà á ń fi ẹ̀mí àwọn ẹlòmíràn tọrọ àyè ẹsẹ̀.

Ọ̀nà kan ṣẹ́kù tí ó ń kọ mí lóminú. Ní ọdún 2019, mo wọ ọkọ̀ láti Ìkejà lọ sí Atlanta. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Bàbá kan dé tí nọ́ńbà rẹ̀ wà ní àárín.

“Ọmọ mi, sún sí àárín, kí n jókòó síbí.”

“Ẹ má bínú, bàbá. Mo sanwó ọ̀tọ̀ nítorí ìjókòó yìí ni, sà.”

“Ta ni ó bi ọ́ léèrè owó?”

Kí ó tó fèsì, àwọn tí ó wà nítòsí ti gba ọ̀rọ̀ náà sọ. “Ìwọ ọmọ yìí, dìde fún bàbá jàre! Wọn yóò ṣàdúrà fún ọ.” Ó dìde. Ó bá bàbá gbé àpò rẹ̀ sókè pẹ̀lú (nínú ọkọ̀ òfurufú, ọwọ́ ọmọdé ni ó tó pẹpẹ). Bàbá ṣàdúrà fún un dáadáa, ó sì sùn.

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ olùkọ́ àgbà. Ó ní kí ni mo rí wí sí i? Ó ní bí a bá ń fi náírà wọn ọ̀wọ̀, láìpẹ́ owó ni yóò di àgbà gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, n kò sì fẹ́ fi ọwọ́ kékeré mú un. Èmi náà kò fẹ́ ayé tí ìyá arúgbó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú yóò máa bẹ̀bẹ̀, kí ọ̀dọ́ máa fi tíkẹ́ẹ̀tì hàn án.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àṣà wa sọ gan-an. Àga tí ọmọ ń dìde kúrò lórí rẹ̀ nílé, àga ilé bàbá rẹ̀ ni. Àgbà tí ó bá ra àkàrà lọ́wọ́ ọmọdé lójà, owó ni yóò san. Kò sí ẹni tí yóò ní kí ọmọ náà fi àkàrà bọ̀wọ̀ fún un. Ẹni tí ó dìde fún àgbà nínú dánfó yóò sọ̀kalẹ̀ láìpẹ́, ara rẹ̀ yóò sì yá pé òun ṣe ohun tí ó yẹ. Ọmọbìnrin yìí gba ìhámọ́ ẹlòmíràn fún wákàtí 12. Bàbá náà kò sì sọ pé orúnkún ń dun òun tàbí pé ó yẹ kí òun máa dìde lóòrèkóòrè. Bí ó bá ní àìsàn, kí ó sọ àìsàn; ọ̀rọ̀ yóò yàtọ̀. Ọjọ́ orí nìkan ni ó gbé kalẹ̀.

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé kò sí bí ọmọ náà ṣe lè sọ pé rárá kí wọ́n má pè é ní àbíìkọ́. Ẹ̀bẹ̀ tí a kò lè kọ̀, ṣé ẹ̀bẹ̀ ni? Ohun tí a sì gbà lọ́nà bẹ́ẹ̀, a kò lè pè é ní ọ̀wọ̀ tí ọmọ bù fúnni, nítorí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ láti bù ú.

Nínú ọkọ̀ yìí kan náà, wọ́n ya ìyá kan kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ tí kò ju ọdún 6 lọ. Ó ń ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, ó ń bẹ̀bẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń pariwo “dìde fún bàbá” kò gbin. Àwa náà ni a ń pa á lówe pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ni ó wá bá a tún un ṣe níkẹyìn.

Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn oní-ọkọ̀ lọ láìfọhùn. Àwọn ni wọ́n ń ta yíyan ìjókòó lọ́tọ̀. Ọmọ tí ó mọ ìlò ẹ̀rọ ayélujára rí i rà. Àgbà tí kò mọ̀ ọ́n, tàbí tí kò rí owó náà san, bọ́ sí àárín. Inú bí i, bóyá ó sì yẹ kí inú bí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni ó ti gba gbèsè tí ilé-iṣẹ́ jẹ ẹ́.

Bẹ́ẹ̀, ibi tí ó ti lè béèrè wà. Níbi tí a ti ń wọn ẹrù, ó ṣì lè ku ìjókòó tí kò tí ì ní olówó, òṣìṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀ sì lè dá àgbà lóhùn pé kò sí, láìsí pé ẹnikẹ́ni bú u. Ẹ̀yìn bàbá yẹn ni mo wà lórí ìlà lọ́jọ́ náà. Ó bẹ̀bẹ̀ níbẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n nítorí ẹrù rẹ̀ tí ó fi kílò 3 lé ni.