Ó Ha Yẹ kí Ẹ̀dá-Ìtàn Ọmọdé Ṣàṣìṣe Bí?

Nígbà tí àgbàlagbà bá jókòó láti kọ ìtàn fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí méjìlá, ẹ̀kọ́ tí ìtàn náà yóò kọ́ni ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Láti ibẹ̀ ni yóò ti wá ọmọ kan tí kì í purọ́, tí kì í sì í gbó àgbà lẹ́nu, yóò sì fi olóríkunkun kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìyà lè rí ẹni jẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ń kà á kò rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, ì báà ṣe nílé tàbí ní kíláàsì.

Àlọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kánjúwà ni Ìjàpá ọkọ Yánníbo, síbẹ̀ òun ni àwọn ọmọ ń fẹ́ gbọ́. Ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ni ó ń ti ìtàn síwájú. Ohun tí ó ṣe ni ó sì ń padà wá bá a.

Chinua Achebe gba ọ̀nà yìí nínú Chike and the River, tí ó jáde ní 1966. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Chike. Ó fi abúlé sílẹ̀ lọ gbé lọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀ kan ní Onitsha, ohun kan ṣoṣo ni ó sì gbà á lọ́kàn: kí òun fi ọkọ̀ sọdá Odò Ọya lọ sí Asaba. Ṣílè kan ni àlọ àti àbọ̀, kò sì ní in. Ohun kékeré nìyẹn lójú àgbà, ṣùgbọ́n òun ni gbogbo àhunpọ̀ ìtàn náà so mọ́. Nítorí rẹ̀ ni ó fi fọ mọ́tò onímọ́tò. Nígbà tí ó sì dé Asaba, ọkọ̀ ìkẹyìn ti lọ, ilẹ̀ ṣú bá a, lọ́rì tí ó wọ̀ láti sùn sì jẹ́ èyí tí àwọn olè fẹ́ lò lóru náà.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le. Chike kò gba àyè lọ́wọ́ àgbà kí ó tó lọ, síbẹ̀ ó padà di ẹni iyì nítorí pé ó tú àṣírí olè. Àìgbọràn ha kọ́ ni òǹkọ̀wé ń san ẹ̀san fún bí? Ó jọ bẹ́ẹ̀ lójú ẹni tí ó wo ìparí nìkan. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù òru ọjọ́ náà kì í ṣe pàṣán òǹkọ̀wé. Ẹsẹ̀ Chike ni ó gbé e débẹ̀, ọmọ tí ń kàwé sì mọ̀ pé òun náà ìbá lọ. Bóyá iyì ìparí ni ó pọ̀ jù díẹ̀. Kí ọmọ náà padà délé láyọ̀ ìbá ti tó.