Ẹsẹ̀ Bàtà Mẹ́fà

Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ẹ̀rọ sinimá. Èmi ni mò ń bá a rù ú. A ó yá gbọ̀ngàn ilé-ìwé, a ó ta aṣọ funfun sára ògiri, n ó wá jókòó ti ẹ̀rọ kí fíìmù má baà há. A fi fíìmù Kádàrá hàn dáadáa, èyí tí Adéyẹmí Afọláyan, Ade Love, gbé jáde ní 1980.

Fíìmù yòówù tí ìbáà jẹ́, bí apànìyàn bá ti ń yọ́ bọ̀, ìyá kan á ké láti ẹ̀yìn: "Sá! Yéè, sá lọ!" Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Àwòrán 24 ní ń kọjá níwájú iná ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó kù sì ti wà lókè lára ríìlì. Kí ni igbe fẹ́ ṣe sí i?

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀rọ fa fíìmù ya tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Ẹ̀gbọ́n mi gé e kúrò, ó lẹ èyí tó kù pọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti yìnbọn pa ọkùnrin kan. Láti alẹ́ yẹn, lọ́wọ́ tiwa, ọkùnrin náà ò kú mọ́. (Àwọn òǹwòran rò pé ó rìnrìn àjò ni.)

Nísinsìnyí, mò ń lọ wo sinimá ní Ikeja City Mall. Kò sí ríìlì mọ́. Inú kọ̀ǹpútà ni fíìmù wà, wọ́n tì í pa. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń bọ̀ lọ́tọ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí tí yóò ṣí àti èyí tí yóò tì. Ọmọ tó ń tàn án ò lè gé ohunkóhun. Àwòrán rẹ̀ mọ́ rekete, n ò sì ṣàárò ooru ẹ̀rọ wa.

Ṣùgbọ́n bí kádàrá bá rí bíi fíìmù tí wọ́n tì pa yẹn, kí ni à ń ṣe ní ìṣọ́ òru? Alẹ́ Jímọ̀ọ̀, àdúgbò wa ní Mafoluku kì í sùn: gbogbo àwọn tó ń ṣọ́ òru ló ń ké bí ìyá ọjọ́sí. Ááfà àdúgbò wa sọ pé èdè Lárúbáwá la ti yá ọ̀rọ̀ kádàrá, òdiwọ̀n ló ń jẹ́ lọ́hùn-ún. Mo gbà. Ríìlì náà ní òdiwọ̀n. Síbẹ̀ ọwọ́ wọ̀ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àánú kọ́ ló mú ẹ̀gbọ́n mi gbé sísọ́ọ̀sì.

Ẹni tó bá fẹ́ wàásù àyànmọ́ fún mi, kó kọ́kọ́ yà sílé. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà yẹn ṣì wà nínú agolo Mílò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.