Ìtàn Tí Kò Ṣẹlẹ̀ Rí: Ṣé Irọ́ Ni?

Nígbà tí apàlọ́ bá parí ìtàn Ìjàpá, kì í dìde lọ lásán. Ó ní láti búra. Yóò ní bí òun bá purọ́, kí agogo ẹnu òun má ṣe dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ọwọ́ gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, agogo ẹnu yóò sì dún pó, pó, pó. Àwọn ọmọ yóò hó yèè, oníkálukú yóò sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ ro ìbúra yìí yóò rí i pé ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ìjàpá kò bá ẹnikẹ́ni ná ọjà rí, Yánníbo kò sì se ọbẹ̀ fún ọkọ kankan rí. Apàlọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ tí ń gbọ́ ọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ni ó wá ń búra lé lórí? Irú òótọ́ wo ni ó lè wà nínú ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí?

Ìbéèrè yìí kò mọ sí àgbàlá tí wọ́n ti ń pàlọ́ lábẹ́ òṣùpá. Ní ìlú Annecy ní ilẹ̀ Faransé, ìlú kan tí ó wà létí adágún omi nítòsí àwọn òkè Alps, wọ́n dá àjọ̀dún kan sílẹ̀ ní ọdún 1960 fún irú sinimá kan ṣoṣo, èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní kátúùnù. Láti ìgbà náà ni àwọn ayàwòrán àti àwọn tí ń fi ọmọlangidi ṣe eré ti ń kó iṣẹ́ wọn wá síbẹ̀ láti oríṣìíríṣìí orílẹ̀-èdè ayé. Púpọ̀ nínú àwọn iṣẹ́ náà ni ó kúrú. Òmíràn kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Àgbàlagbà ni ó ṣe wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì jẹ́ pé àgbàlagbà ni wọ́n ń bá wí. Ọ̀nà kan wà tí gbogbo wọn fi jọ àlọ́: ohun tí ojú ń rí nínú wọn kò ṣẹlẹ̀ rí.

Nínú sinimá lásán, ènìyàn gidi ni ó dúró níwájú kámẹ́rà. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọba orí ìtàgé ni, ó rìn ní tòótọ́, ó sì jókòó ní tòótọ́. Nínú sinimá alàwòrán, ìrìn náà gan-an kò wáyé. Àwòrán mẹ́rìnlélógún ni ó ń kọjá níwájú ojú láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ayàwòrán yóò ya ẹsẹ̀ tí ó kúrò nílẹ̀ díẹ̀, yóò tún ya òmíràn tí ó gbé sókè jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ojú ẹni tí ń wò ó ni yóò sì so wọ́n pọ̀ di ìrìn. Bí ó bá jẹ́ ọmọlangidi ni, wọn yóò sún ọwọ́ rẹ̀ bí ìwọ̀n hóró ìrẹsì, wọn yóò ya fọ́tò rẹ̀, wọn yóò tún sún un. Sinimá tí kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ ń gba àyè àwòrán 7,200. Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Níhìn-ín, ojú tí ó yẹ kí ó jẹ́ ẹlẹ́rìí ni wọ́n ń tàn. Nítorí náà, ẹnìkan lè dìde kí ó ní irọ́ sinimá yìí burú ju ti àlọ́ lọ, nítorí pé etí ni àlọ́ ń bá sọ̀rọ̀, ojú sì ni èyí ń bá ṣe.

Kí ó tó di pé wọ́n dá ẹjọ́ náà, ó yẹ kí wọ́n wo díẹ̀ nínú àwọn iṣẹ́ náà fúnra wọn. Moustapha Alassane, ọmọ orílẹ̀-èdè Niger tí ó kú ní ọdún 2015, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe irú sinimá yìí ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Ní ọdún 1966 ó ṣe ọ̀kan tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní *Bon voyage, Sim*, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kí ọ̀nà Sim ó dára. Sim ni ààrẹ orílẹ̀-èdè àwọn ọ̀pọ̀lọ́. Olórí orílẹ̀-èdè kan nítòsí pè é lálejò, ó sì lọ tìlù-tìfọn. Nígbà tí ó fi máa padà dé, ìjọba ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀lọ́ kankan kò jẹ ààrẹ rí. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún 1966 yẹn kan náà, Kwame Nkrumah wà ní ìrìn-àjò sí ilẹ̀ Éṣíà nígbà tí àwọn ọmọ-ogun gba ìjọba Gánà. Ní oṣù keje ọdún 1975, Ọ̀gágun Yakubu Gowon wà ní Kampala níbi ìpàdé àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà nígbà tí ìjọba Nàìjíríà bọ́ lọ́wọ́ òun náà. Kò sí olùkọ́ ìtàn kan, ìbáà ṣe ní Sókótó tàbí ní Calabar, tí yóò wo Sim tí yóò sọ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò sí láyé. Àwọn àgbà ní bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lè má sí, kí ìwà tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ sì wà ní gbogbo ìlú.

Ìdáhùn àkọ́kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n kò ì tíì tó. Ẹni tí ó lè fi ọ̀pọ̀lọ́ bú ọba lè fi ọ̀pọ̀lọ́ kan náà pọ́n ọba. Ó lè yà á bí ẹni tí kò jalè rí, tí kò pànìyàn rí, tí gbogbo ìlú sì fẹ́ràn, kí ó sì gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ ọba. Ìyẹn náà kò ṣẹlẹ̀ rí, irọ́ pátápátá ni. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ìtàn tí kò ṣẹlẹ̀ ni ó jẹ́ òótọ́. Kí ni ó ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì?

Jiří Trnka, ọmọ ilẹ̀ Czechoslovakia, fi ọmọlangidi dáhùn ìbéèrè yìí ní ọdún 1965. Orúkọ sinimá náà ni *Ọwọ́*. Amọ̀kòkò kékeré kan ń dá gbé inú yàrá rẹ̀ pẹ̀lú òdòdó kan ṣoṣo, ohun tí ó sì fẹ́ kò ju pé kí ó mọ ìkòkò fún òdòdó náà. Ọwọ́ ńlá kan, ọwọ́ ènìyàn gidi nínú ìbọ̀wọ́, wọlé tọ̀ ọ́, ó pàṣẹ pé ère ọwọ́ ni kí ó máa mọ. Amọ̀kòkò kọ̀. Ọwọ́ náà fi owó lọ̀ ọ́, ó halẹ̀ mọ́ ọn, ó tàn án. Níkẹyìn ó fi okùn so ó, ó sé e mọ́ inú àgò ẹyẹ, ó sì mú un gbẹ́ ère ọwọ́ ràgàjì. Amọ̀kòkò já okùn, ó sá padà sílé, ó kan ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Ìkòkò òdòdó rẹ̀ já lù ú lórí, ó sì kú. Ọwọ́ kan náà ni ó wá fi ọlá ńlá sin ín, tí ó sì fi oyè dá òkú rẹ̀ lọ́lá.

Àwọn onídàájọ́ ní Annecy fún un ní ẹ̀bùn pàtàkì ní ọdún náà. Ilé-iṣẹ́ tí ìjọba ń ná owó lé lórí ni Trnka ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ó mọ ohun tí ó ń sọ. Ó kú ní ọdún 1969. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ àwọn aláṣẹ ilẹ̀ náà fi òfin de sinimá yìí, wọ́n gbé e pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òótọ́ ni pé ìfòfindè kò sọ nǹkan di òtítọ́. Àwọn aláṣẹ a máa fòfin de irọ́ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ohun tí amọ̀kòkò náà kọ̀ láti ṣe ni ó yẹ kí ènìyàn ṣàkíyèsí. Kò sí ohun tí ó burú nínú kí ènìyàn gbẹ́ ère ọwọ́. Ohun tí ó burú ni pé kí ènìyàn máa gbẹ́ ohun tí ọkàn rẹ̀ mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí owó tàbí nítorí ìbẹ̀rù. Níbẹ̀ ni irọ́ ti ń wọ inú ìtàn. Ẹni tí ó dá ọ̀pọ̀lọ́ Sim kò sọ ju ohun tí ó mọ̀ nípa agbára lọ. Ẹni tí ó bá ya ọ̀pọ̀lọ́ tí ń pọ́n ọba fún owó ti sọ òdìkejì ohun tí ó mọ̀.

Iṣẹ́ kẹta ni ó le jù láti dá lẹ́jọ́. Ní ọdún 1987, Frédéric Back, ayàwòrán kan ní Montreal ní ilẹ̀ Kánádà, gba ẹ̀bùn tí ó ga jù lọ ní Annecy fún *Ọkùnrin Tí Ó Gbin Igi*. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ó gbà, pẹ́ńsùlù aláwọ̀ ni ó fi yà á, ó sì lo nǹkan bí ọdún márùn-ún lórí rẹ̀. Ojú rẹ̀ kan ti fọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nígbà tí ó ń ṣe sinimá mìíràn tí ó ṣáájú. Ìtàn náà dá lórí darandaran kan tí ń jẹ́ Elzéard Bouffier, ní ilẹ̀ gbígbẹ kan ní gúúsù Faransé. Lójoojúmọ́ ni ó ń gbin ọgọ́rùn-ún kóró igi óákù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ogun ńlá méjì jà ní ayé, kò dáwọ́ dúró. Ilẹ̀ náà di igbó, odò tí ó ti gbẹ bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn, àwọn ènìyàn sì padà wá gbé ibẹ̀.

Jean Giono ni ó kọ́kọ́ kọ ìtàn yìí, ní ọdún 1953. Ìwé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà ni ó ní kí ó kọ̀wé nípa ẹnìkan tí ó ti bá pàdé tí kò lè gbàgbé. Nígbà tí wọ́n wádìí, tí wọ́n rí i pé kò sí ẹni tí ń jẹ́ Bouffier, wọ́n kọ iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1957 Giono fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ nínú lẹ́tà kan sí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó igbó pé òun ni òun dá ọkùnrin náà, kí àwọn ènìyàn lè fẹ́ràn igi. Kò gba kọ́bọ̀ lórí ìtàn náà. Ó yọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́.

Ṣé ó purọ́? Fún ìwé ìròyìn náà, ó purọ́. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n pè é sí, apàlọ́ ni ó sì wá. Àwọn kan lè ní nítorí pé ìtàn náà sún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti gbin igi, ẹ̀ṣẹ̀ náà ti parẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irọ́ tí ó so èso rere, irọ́ ni síbẹ̀, bí owó olè tí wọ́n fi ra oúnjẹ fún aláìní ti jẹ́ owó olè. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí Giono ti jẹ́wọ́, ìtàn kan náà kúrò ní irọ́ láìjẹ́ pé ẹyọ ọ̀rọ̀ kan yí padà nínú rẹ̀. Ìpinnu tí ó wà láàárín ẹni tí ń sọ àti ẹni tí ń gbọ́ ni ó yí padà. Iṣẹ́ tí “Ààlọ́ o!” ń ṣe náà nìyẹn. Ẹni tí ó bá ké e ti jẹ́wọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó bá sì dáhùn “Ààlọ̀!” ti gbà.

Níbí yìí ni sinimá alàwòrán ti gba ìdáláre lórí ẹ̀sùn pé ó ń tan ojú. Ojú ìlà pẹ́ńsùlù Back hàn gbangba. Igi ni ọmọlangidi Trnka, kò sì sí ẹni tí ó pè é ní ènìyàn. Lóde òní, kọ̀ǹpútà lè ṣe àwòrán ènìyàn gidi ní ibi tí kò dé rí, kí ó sì fi ohùn rẹ̀ sọ ohun tí kò sọ rí. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ń dé orí fóònù àwọn ọmọ láìsí “Ààlọ́ o” kankan níwájú rẹ̀. Èyí tí ó jọ òótọ́ jù ni ó wá di irọ́, ọ̀pọ̀lọ́ tí ó wọ aṣọ ààrẹ sì jẹ́ olóòótọ́.

Iṣẹ́ wá kù fún olùkọ́. Ọmọ yóò wo irú sinimá bẹ́ẹ̀, tàbí kí ó gbọ́ àlọ́, yóò sì béèrè pé, “Ṣé òótọ́ ni?” Olùkọ́ tí ó bá dáhùn pé ó ṣẹlẹ̀ ti purọ́ fún ọmọ náà. Èyí tí ó bá ní, “Ìtàn lásán ni, má dá a lóhùn,” ti ba nǹkan jẹ́ pẹ̀lú, nítorí ó ti kọ́ ọmọ náà pé ohun tí kò bá ṣẹlẹ̀ kò lè kọ́ ènìyàn ní ohunkóhun. Ìdáhùn tí ó yẹ ni kí ó fi ìbéèrè méjì lé ọmọ náà lọ́wọ́. Àkọ́kọ́: ẹni tí ó ṣe èyí, ǹjẹ́ ó jẹ́wọ́ pé òun ni ó dá a? Èkejì: ìwà tí ó fi hàn, ǹjẹ́ ó bá ìwà àwọn ènìyàn tí ìwọ mọ̀ mu? Ọmọ tí ó bá ti mọ̀ ọ́n béèrè, kò sí àwòrán tí yóò rọrùn láti fi tàn án jẹ, kò sì ní sọ àlọ́ nù mọ́ irọ́.

Apàlọ́ kò búra pé Ìjàpá gbé ayé rí. Ohun tí ó búra sí ni pé òun kò fi ohun tí òun mọ̀ nípa ọ̀kánjúwà pamọ́ fún àwọn ọmọ náà. Bí ó bá sì fẹ́ kí agogo náà dún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ ni ó ń gbá.