Kànga tí Wọn Kò Dí

Bíbélì kíkà: Gẹ́nẹ́sísì 26:12–22

Ẹ̀yin arábìnrin mi nínú Olúwa, nínú ibi kíkà wa, àwọn Fílístínì fi erùpẹ̀ dí kànga tí Ábúráhámù gbẹ́, Ísáákì sì tún un gbẹ́. Ìtàn kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá a mu.

Ní ìlú Canterbury ni àwọn mọ́ńkì kan ń gbé láyé àtijọ́, àwọn ọkùnrin tí wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ àìgbéyàwó, tí wọ́n ń gbé pọ̀ nínú àdúrà àti iṣẹ́. Òfin Benedict tí wọ́n ń tẹ̀lé fẹ́ kí omi wà nínú ọgbà wọn, kí wọ́n má baà máa rìn kiri níta. (Ẹni tí ó bá ti ru omi odò rí yóò dúpẹ́ fún irú òfin bẹ́ẹ̀!)

Wibert, olórí wọn láti nǹkan bí ọdún 1153 sí 1167, ni ó ṣe ètò omi náà. Láti ibi ìsun tí ó tó kìlómítà kan sí ọ̀dọ̀ wọn, páìpù òjé ni ó gbé omi gba inú oko àti ọgbà èso, ó gba abẹ́ odi ìlú wọlé. Lójú ọ̀nà, ó ń gba inú táǹkì márùn-ún kọjá kí ó lè tòrò. Wọ́n sì ṣe ibi tí wọ́n lè ṣí láti tú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dànù. Ibi ìfọwọ́, ilé ìdáná àti ilé àwọn aláìsàn ni omi mímọ́ ń lọ. Omi tí a ti lò àti omi òjò ni ó ń gbá ilé ìyàgbẹ́. Ta ni yóò fi omi ilé ìyàgbẹ́ se ọbẹ̀? Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa, ìgbà tí oorun bá ti kún ojú tán ni a ń rántí àdúrà.

Àwòrán ètò omi yìí ṣì wà ní Trinity College, Cambridge. Wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kànga àtijọ́ wọn pé, bí omi páìpù bá dáwọ́ dúró, kí a fa omi kànga, kí a dà á sínú ọ̀wọ̀n oníhò tí ó wà nítòsí, yóò sì dé gbogbo ilé. Wọn kò torí páìpù dí kànga.

Arábìnrin, bí ìdààmú bá dé ní ọ̀gànjọ́ òru, tí ìpàdé kò sí, tí wòlíì tí ò ń sá tọ̀ kò sí nílé, kànga wo ni ìwọ yóò fà? Ní ìpàdé kíláàsì tí ń bọ̀, kí ẹnìkọ̀ọ̀kan sọ erùpẹ̀ tí ó dí tirẹ̀.